Ẹrù Tó Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà

Ẹrù tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ ní pósófíìsì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kì í wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú tó ti kúrò ló máa gbà á. Wọ́n á kó o fún ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ òfurufú á kó o fún ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú tó ń lọ, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa gbé e dé ojúlé. Ó kéré tán, ọwọ́ mẹ́rin nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìwé tirẹ̀ àti wákàtí iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìtọpasẹ̀ ẹrù kò ju ìròyìn tí àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́ síra wọn lọ. Bí ọwọ́ kan kò bá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù kò ní ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹni tó ń béèrè.

Àdéhùn ló so àwọn ọwọ́ náà pọ̀. Kí ó tó di ọdún 1874, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń bá èkejì ṣe àdéhùn tirẹ̀ lórí lẹ́tà, owó lẹ́tà kan náà sì ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó bá gbà. Heinrich von Stephan, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Jámánì, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí gbogbo ayé di agbègbè ìfìwéránṣẹ́ kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1874, orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Bern, ní Swítsàlandì. Ibẹ̀ ni àjọ tí ayé ń pè ní UPU lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ti ẹrù tẹ̀lé ti lẹ́tà ní ọdún 1880. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1961, nígbà tí òmìnira kò tíì pé ọdún kan. Orílẹ̀-èdè 192 ló wà níbẹ̀ báyìí. Àmọ́ àjọ náà kò ní ọkọ̀, kò sì ní akọ̀wé nídìí káńtà kankan; òfin àti ìlànà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan lókè tó lè pàṣẹ fún Èkó àti London lẹ́ẹ̀kan náà pé kí wọ́n wá páálí kan jáde.

Nọ́mbà ìtọpasẹ̀ wà lára àwọn ìlànà náà. Àmì 13 ló ń wà nínú rẹ̀: lẹ́tà méjì níwájú, nọ́mbà mẹ́sàn-án láàárín, lẹ́tà méjì lẹ́yìn. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹrù ti gbéra: NG fún Nàìjíríà, GB fún Ìlú Ọba, US fún Amẹ́ríkà, BJ fún Bẹ̀nẹ̀, TG fún Tógò, BR fún Bràsíl, CU fún Kúbà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ pátápátá ń sọ irú iṣẹ́ tí olùfiránṣẹ́ sanwó fún. E ni ti EMS, ìyẹn ẹrù kíákíá. C ni ti páálí. R ni ti ohun tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. U ló ń kó àwọn ènìyàn sí ìdààmú jù lọ. Àpò kékeré tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U kò sanwó ìtọpasẹ̀ rárá. Torí àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ṣe lẹ nọ́mbà mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ wá ẹrù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kò rí nǹkan kan, ń retí iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Ẹrù náà lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Nọ́mbà kẹsàn-án tó wà láàárín jẹ́ ẹlẹ́rìí fún mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á fi 8, 6, 4, 2, 3, 5, 9 àti 7 sọ nọ́mbà mẹ́jọ náà di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi 11 pín in, wọ́n á wá yọ ohun tó bá ṣẹ́kù kúrò nínú 11. Bí nọ́mbà bá jẹ́ 12345678, àròpọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 204. Bí wọ́n bá fi 11 pín in, 6 á ṣẹ́kù; yọ 6 kúrò nínú 11, ó ku 5. Nítorí náà, CP123456785GB lè jẹ́ nọ́mbà gidi, ṣùgbọ́n CP123456784GB kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ní nọ́mbà kan kò sí, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni kí wọ́n padà sí rìsíìtì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àbúrò ló ń ka nọ́mbà fún ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, tí 1 inú rìsíìtì tó ti ń pa rẹ́ sì di 7 lẹ́nu rẹ̀.

Ìròyìn àkọ́kọ́ lórí ẹrù kì í pẹ́. Akọ̀wé á wọn ẹrù, á lẹ nọ́mbà mọ́ ọn, á fi ẹ̀rọ ka bákóòdù rẹ̀, ìròyìn á jáde pé wọ́n ti gbà á. Bí ẹrù bá dé ibùdó tí wọ́n ti ń ṣa ẹrù òkèèrè jọ nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ á tún kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jù ú sínú àpò. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń dákẹ́, ibẹ̀ náà ni ọkàn àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Àpò ọ̀hún gba àlàyé. Ó nípọn, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ẹrù tí gbogbo wọn ń lọ sí ìlú kan náà. Bí ó bá kún, wọ́n á fún un lọ́rùn, wọ́n á fi èdìdì oníke tì í pa, wọ́n á so ìwé pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lọ́rùn. Bákóòdù tirẹ̀ wà lórí ìwé yẹn, àmì 29 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ ibi tí àpò ti kúrò, ibi tó ń lọ, ọdún, nọ́mbà ìdìpọ̀ tó bá rìn, ipò tó wà láàárín àwọn àpò ìdìpọ̀ náà, àti bí ó ṣe wúwo tó. Láti ìgbà náà lọ, àpò ni ẹ̀rọ ń rí. Ojú rẹ̀ kò tó ẹrù inú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, bákóòdù ọrùn àpò ni wọ́n ń kà. Bí ó bá sùn fún ọjọ́ mẹ́rin ní pápákọ̀ ìlú kẹta, ní Addis Ababa tàbí Dubai tàbí Paris, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ mìíràn, bákóòdù ọrùn àpò náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú tí àpò kàn ń gbà kọjá kì í tú u, bó ṣe dé èdìdì ló gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Aṣọ òkè tí ìyá kan rán láti Ìbàdàn fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Manchester wà nínú àpò yẹn. Ó wà lódidi, ó gbẹ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ tí ìyá bá ní kí wọ́n bá òun wò ó lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá níbẹ̀: ó ti kúrò ní Èkó.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìsọnù, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùtajà àti oníbàárà, àní láàárín tẹbí-tará. Ìgbà tí wọ́n bá já èdìdì àpò ní ìlú tó ń lọ, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ka ẹrù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ẹrù tó tún lórúkọ. Bí àpò bá balẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí iṣẹ́ sì pọ̀ débi pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó tú u, Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn máa sọ pé ó dé. Ìlú tó tú u ló máa fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí ìlú tó rán an, láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn, ìròyìn tí ìlú kan ti ní kì í dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n wo nọ́mbà kan náà lójú-ìwé ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú méjèèjì, torí ohun tí Èkó kò tíì gbọ́, London lè ti mọ̀ ọ́n.

Ìdákẹ́jẹ́ mìíràn tún wà tí ẹrù kò tíì gbéra rárá. Ẹni tó ra ọjà láti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí nọ́mbà gbà lọ́jọ́ tó sanwó, inú rẹ̀ á dùn. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ìwé bá jẹ́ pé wọ́n ti gba ìròyìn ẹrù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olùtajà ti tẹ ìwé àlẹ̀mọ́ jáde nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹrù ṣì lè wà nínú sọ́ọ̀bù rẹ̀. Olùtajà ló yẹ kó dáhùn nígbà náà, torí pósófíìsì kò tíì fojú kan nǹkan kan.

Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn àpò wọ̀nyí ní ìṣòro tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹrù pósófíìsì kì í wọ ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù. Abẹ́ ọkọ̀ tó ń kó èrò ni wọ́n ń kó o sí, níbi tí báàgì àwọn arìnrìn-àjò wà, báàgì èrò ló sì ń ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ará òkè òkun ń rọ́ wá sílé fún Kérésì pẹ̀lú báàgì ńlá ńlá, àyè á fún. Ọdún 2020 fi èyí hàn kedere. Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ òkèèrè ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta nítorí àrùn Kòrónà, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Ẹrù wà nílẹ̀, òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀, ọkọ̀ ni kò sí. Òṣèlú náà lè ṣe ohun tí àrùn ṣe. Fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ, lẹ́tà kì í ti Amẹ́ríkà lọ sí Kúbà tààrà. Láti Miami sí Havana kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ òfurufú, síbẹ̀ ìlú kẹta bíi Mẹ́síkò tàbí Kánádà ni ẹrù ní láti gbà. Oṣù Kẹta ọdún 2016 ni ọkọ̀ tààrà tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kan aṣọ́bodè. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CN22, tàbí CN23 fún páálí, ni aṣọ́bodè fi ń mọ ohun tó wà nínú ẹrù láìtú u, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdádúró ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé á béèrè pé kí ló wà nínú páálí. Olùfiránṣẹ́ á ní ẹ̀bùn ni, tàbí ẹrù ara òun ni. Ẹ̀bùn kì í ṣe orúkọ nǹkan. Bí aṣọ́bodè bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó fura. Ìwé tó pé á dárúkọ nǹkan: aṣọ òkè méjì, fìlà kan, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan, á kọ iye owó àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, á sì kọ ọ́ ní èdè tí aṣọ́bodè ibẹ̀ lè kà. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀bùn láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn tí iye rẹ̀ kò bá ju pọ́n-ùn 39 lọ kì í san owó orí VAT. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dá ẹrù dúró, wọ́n á fi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé kó wá sanwó. Bí onítọ̀hún bá ti kó kúrò nílé náà, káàdì á bọ́ sọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹrù á sì yí padà síbi tó ti wá.

Àwọn ohun kan wà tí kò ní rékọjá bó ti wù kí ìwé wọn pé tó. Pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti wàrà kò gbọ́dọ̀ bá ẹrù ẹnikẹ́ni láti Nàìjíríà wọ Ìlú Ọba. Wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á sì run ún. Bátìrì lítíọ̀mù tó dá wà, irú èyí tó wà nínú páwà báńkì, kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú nínú ẹrù pósófíìsì, torí ó lè gbiná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù á rí i, páálí náà lódidi á sì dúró, pẹ̀lú aṣọ àti bàtà tó bá a wà níbẹ̀.

Láti ọdún 2021, ìlànà UPU ti sọ pé kí ọ̀rọ̀ inú CN22 àti CN23 ṣáájú ẹrù dé lórí kọ̀ǹpútà. Amẹ́ríkà ti ṣòfin tirẹ̀ lórí èyí ní ọdún 2018, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ìwé tí wọ́n fi bírò kọ, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lè dá ẹrù dúró kí ó tó wọ ọkọ̀ pàápàá. Kọ̀ǹpútà yára, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu kọ̀ǹpútà tí Royal Mail fi ń bójú tó ẹrù òkèèrè. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún bẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí òkèèrè mọ́ fúngbà díẹ̀. Ó di oṣù Kejì kí gbogbo iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò. Ọkọ̀ òfurufú wà, òṣìṣẹ́ wà, àpò wà, àmọ́ láìsí ìròyìn, ẹrù kò lè rìn.

Ìyípadà òfin ló fa ìdádúró tó le jù ní ẹnu àìpẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó aṣọ́bodè. Ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí i láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, láìjẹ́ pé ètò ti wà nílẹ̀ dáadáa lórí ẹni tó máa gba owó náà àti bó ṣe máa gbà á. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ 88 sọ fún UPU pé àwọn ti dá ẹrù Amẹ́ríkà dúró, lápá kan tàbí lódidi. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹrù pósófíìsì tó ń wọ Amẹ́ríkà fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn tó ń ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ fún oníbàárà níbẹ̀ rí i pé ọ̀nà tó ṣí lánàá ti dí láàárọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojúlé ni ẹrù ti ń rí ìdíwọ́ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́mbà, òpópónà kan sì lè ní orúkọ méjì. Àdírẹ́sì tó sọ pé kí wọ́n béèrè ilé bàbá oníbúlọ́ọ̀kù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kì í ṣe àṣìṣe ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ bàbá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣa ẹrù kò mọ bàbá. Fóònù ló ń gbà wọ́n sílẹ̀. Bí nọ́mbà fóònù tó ń lọ bá wà lára páálí, pẹ̀lú kóòdù ìfìwéránṣẹ́ oní nọ́mbà mẹ́fà ti àdúgbò náà, òṣìṣẹ́ á pè: “Ẹ kú iṣẹ́ o mà, pósófíìsì ni mo ti ń pè yín, ẹrù yín ti dé.” Bí nọ́mbà náà kò bá lọ, ẹrù á jókòó sórí pẹpẹ títí ọjọ́ tí òfin fún un á fi pé. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ènìyàn yá ní pósófíìsì ṣì wúlò gan-an, torí kì í kó kúrò nílé bí ayálégbé.

Àwọn oní-jìbìtì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ń retí ẹrù kì í balẹ̀. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹrù ti dé, ó ku owó táṣẹ́rẹ́, kí onítọ̀hún tẹ ibì kan kó sì kọ nọ́mbà káàdì báńkì rẹ̀ síbẹ̀. Owó kékeré yẹn kọ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tó wà nínú báńkì ni. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀, kó fi nọ́mbà alámì 13 tó wà lórí rìsíìtì wò ó fúnra rẹ̀ lójú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà, tàbí kó lọ sídìí káńtà.

Bí ìdákẹ́jẹ́ bá wá pẹ́ jù, ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń padà sí. Àdéhùn UPU sọ ọ́ kedere pé olùfiránṣẹ́ ló ni ẹrù títí ó fi máa dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àfi bí òfin ìlú kan bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Nítorí náà, ọmọ tó wà ní Manchester lè pariwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ má sún kúrò lójú kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó ní rìsíìtì lọ́wọ́, lè rin ìrìn ẹ̀ẹ̀kan lọ sí pósófíìsì tó ti rán ẹrù, kó gba fọ́ọ̀mù ìwádìí tí wọ́n ń pè ní CN08. Fọ́ọ̀mù yẹn ló máa mú kí ilé-iṣẹ́ ìlú kìíní kọ̀wé sí ti ìlú kejì, kí wọ́n sì béèrè àpò tí ẹrù wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tú u. Ó máa ń béèrè nọ́mbà, ọjọ́ tí ẹrù gbéra, ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n bá ti ya kí wọ́n tó di páálí máa ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gan-an. Bí ẹrù bá sì dé pẹ̀lú ìbàjẹ́, kí ẹni tó gbà á sọ ọ́ lójú òṣìṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ sí i, torí ìbuwọ́lù láìráhùn lè pa ẹ̀tọ́ owó gbà-máà-bínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn fún olùfiránṣẹ́ láti béèrè, láti ọjọ́ kejì tí ẹrù ti gbéra. Ìyá tó bá rán aṣọ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án kọjá kó tó gbé rìsíìtì rẹ̀ dé ìdí káńtà.